Wọ́n Pe Ìfọ́jú Mi ní Ìdákẹ́jẹ́

Inú ń bí mi bí mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, ẹ má sì retí kí n fi oyin sí i fún yín. Ẹni tó bá ń rí òṣùmàrè yí iná ká tó ń rò pé ẹ̀bùn ni, òun ni mo ń bá wí. Ẹni tí dókítà ti sọ fún pé ojú rẹ̀ ń kú lọ tí ẹbí rẹ̀ sì ní kó ṣe sùúrù, òun náà ni mo ń bá wí. Èmi náà rò pé ẹ̀bùn ni. Iṣẹ́ mi ló jẹ́ kí n rò bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń jẹun nídìí iṣẹ́ náà ń yìn mí, àwọn ẹbí mi sì ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún mi. Ojú òsì mi ló bá a lọ.

Àṣàkẹ́ ni orúkọ mi, ayàwòrán ni mí ní Àbíjàn. Treichville ni wọ́n bí mi sí, lẹ́bàá ọjà ńlá tí ìyá mi ti ń ta aṣọ láti ìgbà tó ti Èjìgbò dé. Attécoubé ni mò ń gbé báyìí, nínú yàrá kan lórí òkè tó kọjú sí ọ̀sà. Àwòrán mi kò ní ènìyàn nínú, kò ní igi, kò ní ilé. Àwọ̀ nìkan ni. Àwọn ará ilé wa a máa bi mí pé, "Kí wá ni èyí?" N óò ní, "Aró ni." Wọ́n á ní, "Aró kí ni?" Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa máa ń parí sí.

Bí mo ṣe ń ṣiṣẹ́ ni pé n óò fi àwọ̀ kan ṣoṣo kun aṣọ tí mo nà sórí igi, n óò gbé àpótí, n óò jókòó tì í. N kò ní fi àwọ̀ mìíràn kàn án títí n óò fi mọ ohun tó ń fẹ́. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ kan nígbà mìíràn. Ìdí ọjà ìyá mi ni mo ti kọ́ ọ. Nígbà tí mo wà ní kékeré, òun a máa ní kí n to aṣọ sórí pẹpẹ, kí pupa èyí má pa ẹwà tọ̀hún. N óò gbé aró ti ìyeyè, n óò wò ó, n óò tún gbé e kúrò. Mo rí i pé àwọ̀ kì í dá wà, ẹni tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló ń sọ irú ẹni tó jẹ́. Ohun tí mo fi gbogbo ayé mi wò nìyẹn, mi ò sì tíì wò ó tẹ́rùn.

Mo tún ní àṣà kan. Bí mo bá rò pé àwòrán ti parí, n óò yí i po, kí orí rẹ̀ di ìsàlẹ̀, kí òsì di ọ̀tún. Bí mo bá yí i bẹ́ẹ̀, àṣìṣe tó ti mọ́ mi lójú á yọ síta. Ṣùgbọ́n nígbà tí Madame bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi tà, ó ní àwòrán ńláńlá ni kí n máa yà. Madame ló ni ilé àfihàn àwòrán kan ní Cocody, àwọn oníbàárà rẹ̀ sì ní ògiri tó gùn bí ọgbà. Bí àwòrán mi ṣe tóbi ju ilẹ̀kùn lọ nìyẹn. N kò lè dá a yí mọ́, mo bá pa àṣà náà tì.

Òṣùmàrè ló kọ́kọ́ dé. Ní ìrọ̀lẹ́, bí wọ́n bá ti tan iná lẹ́bàá èbúté, mo ń rí àwọ̀ yí iná kọ̀ọ̀kan ká: pupa lóde, aró nínú, ìyeyè láàárín. Ẹlòmíràn ì bá nu ojú rẹ̀. Èmi sáré lọ sílé, mo po ọ̀dà. Mo ya òbírí òbírí fún oṣù púpọ̀, mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé lẹ́yìn gbogbo ìjókòó mi, àwọ̀ ti wá ń bẹ̀ mí wò fúnra rẹ̀. Kò dùn mí. Ojú mi kò pọ́n, kò ṣe omi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dì í mú: àìsàn yìí kì í dunni rárá. Bí ó bá ń dunni ni, à bá ti sá fún un.

Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi èjìká òsì gbá ènìyàn. Mo gbá abọ́ ọ̀dà dànù lórí tábìlì, mo fi orí gbá ilẹ̀kùn ilé ara mi. Ní Treichville, bí mo ṣe fẹ́ sọdá títì, awakọ̀ takisí kan fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá mi, ó yọ orí síta: "Hé, tantie! Tu dors ou bien?" Ó ní ṣé mò ń sùn ni. Mo bú u padà. Mo ní ọjọ́ orí ló ń dé, mo ní àárẹ̀ ni.

Àárín ìgbà yẹn ni Madame wá sí yàrá mi ní Attécoubé. Ó dúró níwájú àwòrán tuntun kan, ó káwọ́ sórí, ojú rẹ̀ kún fún omi. Ó ní, "Àṣàkẹ́, ma chérie, apá òsì yìí! O fi í sílẹ̀ láìkùn ún. Quel silence!" Ó pè é ní Ìdákẹ́jẹ́. Ó ní kí n ya irú rẹ̀ sí i. Ọkùnrin kan tó ń kọ̀wé nípa iṣẹ́ ọnà wá kọ ọ́ sára ògiri ilé àfihàn náà pé mo ti kọjá ẹni tó ń kun àwọ̀, mo ti di ẹni tó ń jẹ́ kí àwọ̀ sinmi. Mo kà á, orí mi wú. N kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ, nítorí lójú tèmi, kò sí ibi tó ṣófo nínú àwòrán náà. Ó kún láti ìgun dé ìgun. Mo rò pé bí àwọn ọ̀mọ̀wé ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn.

Ọjọ́ tí wọ́n ń gbé àwọn àwòrán náà kọ́ ni àṣírí tú. Àwọn òṣìṣẹ́ ṣèèṣì gbé ọ̀kan kọ́ sódì, orí rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Mo wọlé, mo wò ó, mo kígbe. Ní apá ọ̀tún, aṣọ funfun gbalasa ló wà níbẹ̀, tó gbòòrò ju apá mi méjèèjì lọ, láìsí ẹ̀kán ọ̀dà kan.

Mo ní, "Ta ló pa iṣẹ́ mi rẹ́? Qui a fait ça?"

Àwọn òṣìṣẹ́ wo ara wọn. Madame rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ kàn mí léjìká. "Mais Àṣàkẹ́, Ìdákẹ́jẹ́ rẹ nìyẹn. Wọ́n kàn yí i po ni."

Mo ní kí wọ́n yí i padà. Bí wọ́n ti yí i padà, ibi tó ṣófo náà pòórá lójú mi, àwòrán náà sì kún. Mo rìn lọ síbẹ̀, mo fi ọwọ́ kan aṣọ náà. Ó gbẹ, ó le, kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀. Ẹ̀rù tó bà mí lọ́jọ́ náà, irú rẹ̀ kò bà mí rí. Gbogbo wọn rí i pé ayàwòrán kan kò kun ìdajì aṣọ rẹ̀, kò sì sí ẹnì kan nínú wọn tó bi í pé, "Ṣé kò sí nǹkan?"

Mo lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba. Mo bá èrò tó ti wà níbẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. À ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì, à ń sún ìdí díẹ̀díẹ̀, a dé ibi fèrèsé, wọ́n ní kì í ṣe ìwé tó yẹ ni a gbà, a tún padà sẹ́yìn. Ọkùnrin kan, ẹ̀yà Jùlá, tí ọmọ rẹ̀ fà lọ́wọ́ wá jókòó tì mí. Ó bi mí bóyá ojú ń dùn mí. Mo ní rárá. Ó mi orí, ó ní, "Moi aussi, èmi náà. Kò dùn mí rí." Ojú rẹ̀ là sílẹ̀ kedere, ó dára bí ojú ẹni tó ń ríran, ṣùgbọ́n ògiri ló ń kọjú sí bó ṣe ń bá mi sọ̀rọ̀. N kò lè gbé omi tí mo rà mu mọ́.

Dókítà tó dá mi lóhùn jẹ́ ọ̀dọ́mọbìnrin. Ó ní kí n ti orí bọ inú ẹ̀rọ kan tó rí bí igbá funfun, wọ́n fi bọ́tìnnì kan sí mi lọ́wọ́. Ó ní iná kéékèèké yóò máa tàn níhìn-ín lọ́hùn-ún, bí mo bá ti rí ọ̀kan, kí n tẹ bọ́tìnnì. Mo tẹ̀, mo tẹ̀, ó ṣe, iná kò tàn mọ́. Mo dúró, mo dúró. Mo ní, "Docteur, ẹ̀rọ yín ti bàjẹ́."

Ó wo ojú ẹ̀rọ náà. Ó ní, "Tantie, kò bàjẹ́. Ó ń tàn."

Ó ṣàlàyé pé omi inú ojú mi kò rí ọ̀nà jáde dáadáa, ó ń fún iṣan tó ń gbé ìríran lọ sínú ọpọlọ títí iṣan náà fi ń kú. Ó ní ibi tí ojú kò bá rí mọ́, ọpọlọ a máa fi àwọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ dí i, kò ní jẹ́ kéèyàn mọ̀. Ohun tó ti lọ kò ní í padà. Ojú òsì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ti ọ̀tún ti bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ abẹ lè dá èyí tó kù dúró bí a bá tètè ṣe é. Ó wá bi mí pé, "Ta ló ti fọ́ lójú nínú ẹbí yín? Ó máa ń tẹ̀lé ẹ̀jẹ̀." Mo ní kò sí. Ó tún bi mí. Mo búra fún un.

Ìsinmi ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ilé ìyá mi ní Treichville kún. Àǹtí Sàlámọ̀, àbúrò ìyá mi, gbé tìróò wá láti Mẹ́kà, ó ní kí n máa lé e sójú láàárọ̀. Ẹnì kan gbé oyin wá, ẹnì kan gbé omi ewé tó ta mí lójú bí ata. Wọ́n ní àwòrán tí kò ní orí tí kò ní ẹsẹ̀ ni mo ń wò jù. Wọ́n ní bóyá àwọn tó ń rà á ni wọ́n fi ojú mi ra oríire. Ìyá mi kò sọ̀rọ̀ púpọ̀, ohun kan ṣoṣo ló ń tẹnu mọ́: kò sẹ́ni tó máa fi abẹ kan ọmọ òun lójú.

Mo lọ bá Madame pé bóyá òun á gbà mí nímọ̀ràn. Ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní ṣé mi ò lè dúró kí àfihàn tó ń bọ̀ kọjá ná, nítorí bí wọ́n bá tún ojú mi ṣe, ta ló mọ̀ bóyá Ìdákẹ́jẹ́ náà á tún wà níbẹ̀? Ó ní ayàwòrán tí ojú rẹ̀ ń lọ, ìtàn tó lágbára ni, àwọn ènìyàn á wá. Bó ṣe sọ ọ́ fún mi nìyẹn, lójúkorojú. Ẹni tó bá ń rí èrè nínú àrùn rẹ kò lè gbàdúrà kó san, ẹ má tan ara yín.

Ojú ti ń ro mí lóòótọ́ nísinsìnyí, omi ewé wọn ló fà á. Mo padà sílé ìyá mi, mo sọ fún wọn pé n óò ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Àǹtí Sàlámọ̀ fò dìde.

"O ò ní ṣe é! Ṣé bí wọ́n ṣe ṣe Bàbá náà nìyẹn, wọ́n lọ fi abẹ kàn án nígbà tí ó ti pẹ́ jù, kò rí nǹkan kan mọ́ títí ó fi kú!"

Mo ní, "Bàbá wo?"

Ìyá mi ń ká etí ìró rẹ̀, ó ń tú u.

Bàbá ìyá mi ni. Mo mọ̀ ọ́n. Bí a bá lọ sí Èjìgbò fún ọdún, inú yàrá la ti máa ń bá a, a óò kúnlẹ̀ kí i, òun a fi ọwọ́ pa wá lójú, a fà wá ní imú, a dárúkọ wa ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní àdúrà ló ń ṣe tí kì í fi í jáde. Wọ́n ní bàbá mímọ́ kì í tẹjú mọ́ ọmọdé. Èmi gbàgbọ́, mo tilẹ̀ rò pé bí ó ṣe ń fọwọ́ pa mí lójú, ìbùkún ni. Ọkùnrin náà ń wá ẹni tí mo jẹ́ kiri ojú mi ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pàápàá fọ́ lójú kí òun tó fọ́. Gbogbo àgbààgbà ilé wa ló mọ̀.

Mo ní, "Ìyá, ẹ mọ̀, ẹ sì jẹ́ kí n búra fún dókítà?"

Ìyá mi ní, "Kí lo fẹ́ kí n sọ? Obìnrin márùn-ún ni mo bí. Bí ẹbí ọkọ bá ń bọ̀, ṣé wọn kì í wádìí ni? Wọ́n á bi ará àdúgbò, wọ́n á bi ọ̀tá ẹni: ṣé wèrè kò sí nílé wọn, ṣé ẹ̀tẹ̀ kò sí, ṣé afọ́jú kò sí. Rísì kò tíì relé ọkọ. Ṣé ìwọ lo máa jókòó tì í nígbà tí wọn ò bá fẹ́ ẹ mọ́?"

Rísì, àbíkẹ́yìn wa, ló gbé omi wá fún àwọn àlejò. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àwo lọ́wọ́. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Àfẹ́sọ́nà rẹ̀ wà nílé ní Èjìgbò, àwọn ènìyàn rẹ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí.

Àǹtí Sàlámọ̀ ní kí n fọkàn balẹ̀, ó ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran.

Mo yarí. Mo ní kí ó tún un sọ. Mo ní èmi ń sunkún, mi ò sì ríran, kí ó wá wo ojú òsì mi kí ó wá sọ ohun tí mò ń rí níbẹ̀! Mo ní olójú kì í lajú rẹ̀ sílẹ̀ kí tàlùbọ̀ wọ̀ ọ́, ẹ̀yin lajú sílẹ̀, ojú ọmọ yín ni tàlùbọ̀ ṣì wọ̀. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá ti sọ fún mi pé, "Àṣàkẹ́, bàbá wa fọ́ lójú, máa lọ yẹ ojú rẹ wò," mi ò ní pe òṣùmàrè yẹn ní ẹ̀bùn. N kò bú ìyá mi. Ṣùgbọ́n mo pariwo mọ́ ọn, n kò sì tíì tọrọ àforíjì títí di òní. Mo yíjú sí Rísì níwájú gbogbo wọn, mo ní, "Lọ yẹ ojú rẹ wò lọ́la. Kó o tó yan aṣọ ìgbéyàwó, lọ yẹ ojú rẹ wò." Ìyá mi kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ fún ìgbà pípẹ́.

Mo ta àwọn àwòrán òbírí mi, mo fi ṣe iṣẹ́ abẹ ojú ọ̀tún. N kò ní purọ́ fún yín, ẹ̀rù bà mí. Wọ́n fi oògùn sójú kí n má mọ ìrora, ṣùgbọ́n ọkàn ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣí i, n kò rí ju bí mo ti ń ríran tẹ́lẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ni dókítà sì ti sọ. Iṣẹ́ abẹ náà kì í dá ojú padà, ohun tó kù ló ń ṣọ́. Láti ìgbà náà, ojú ọ̀tún dúró síbi tó wà. Mò ń kán oògùn sí i láàárọ̀ àti lálẹ́, n óò sì máa kán an títí ayé. Kò sí oyin nínú rẹ̀, kò sí tìróò.

Mo ṣì ń ya àwòrán. Mo ti padà sí aṣọ kékeré tí ọwọ́ mi lè yí po. Mo máa ń fi ọwọ́ òsì di etí aṣọ náà mú bí mo ti ń kùn ún, kí n lè mọ ibi tí ayé parí sí. Mo ṣì ń jókòó ti àwọ̀, n óò kàn kọ́kọ́ yí orí wá a ni. Aró ṣì jẹ́ aró. Mi ò bá Madame ṣe mọ́. Ó ránṣẹ́ pé iṣẹ́ mi ti kún jù, pé kò mí mọ́. Ìdákẹ́jẹ́ tó tà, ó wà lára ògiri ilé iṣẹ́ kan ní Plateau, láàárín ìlú Àbíjàn, àwọn ènìyàn ń dúró níwájú rẹ̀, wọ́n ń ronú jinlẹ̀. Ẹ bá mi sọ fún wọn pé òkùnkùn ni wọ́n ń wò.

Ojú Rísì mọ́, ṣùgbọ́n ọdọọdún ni yóò máa lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Ẹbí ọkùnrin náà kò tíì fèsì. Bí wọ́n bá tìtorí èyí fi í sílẹ̀, kí wọ́n lọ yẹ ojú tiwọn wò ná.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo fẹ́ lọ rí dókítà, mo bá ìyá mi lẹ́nu ọ̀nà ilé mi ní Attécoubé. Ó ró aṣọ tó dára, ó ti gun òkè náà wá láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní, "Mo kàn fẹ́ sìn ọ́ lọ ni." Bí a ti ń lọ, ó di apá mi mú. Mo rò pé èmi ló ń ràn lọ́wọ́, títí mo fi rí i pé bí a bá ti dé ibi àtẹ̀gùn, òun ló máa ń dúró dè mí kí n kọ́kọ́ gbẹ́sẹ̀.

Dókítà kí i, ó ní níwọ̀n ìgbà tí màmá ti wá, kí wọ́n yẹ tiwọn náà wò. Mo rò pé á kọ̀. Ó tú gèlè rẹ̀, ó gbé e lé mi lẹ́sẹ̀, ó ti orí bọ inú igbá funfun náà. Wọ́n fi bọ́tìnnì sí i lọ́wọ́, mo ṣàlàyé fún un ní Yorùbá. Mo jókòó lẹ́yìn rẹ̀, mò ń fetí sí àtàǹpàkò rẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà, mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Dókítà ń wo ojú ẹ̀rọ, kò gbójú sókè. Ìyá mi jókòó ṣánṣán, ó di bọ́tìnnì náà mú bí ẹni tó di ọwọ́ ọmọ mú lọ́jà.

Ó ní, "Àṣàkẹ́, ṣé wọ́n ti tàn án?"

Mo na ọwọ́, mo gbé e lé ẹ̀yìn rẹ̀.

Mo ní, "Wọ́n ti tàn án, Ìyá. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti tàn án."